Fíìmù Ìfẹ́ Inú Ààfin fún Alẹ́ Ọdún: Èwo Ni Ẹ Ó Yàn?

Bí oṣù Kejìlá bá ti dé Kétu, tí àwọn tó wà ní Kútọnú àti Àjàṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ilé a kún. Ìyá àgbà wà níbẹ̀, ọmọdé wà níbẹ̀, ìyàwó tuntun tí ojú ṣì ń tì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n tó ní fíìmù ogun nìkan lòun ń wò. Tẹlifíṣàn kan ṣoṣo ni gbogbo wọn á sì kọjú sí. Irú fíìmù tí mo máa ń yàn fún irú àpéjọ bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ọmọba ti fẹ́ ọmọ mẹ̀kúnnù: àwọn tí wọ́n ṣe fún tẹlifíṣàn, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ gùn ju wákàtí kan àbọ̀ lọ, tí gbogbo ará ilé sì ti mọ̀ kó tó lọ jìnnà pé àwọn méjèèjì á fẹ́ra. Mo fẹ́ràn wọn gan-an ni.

Ṣùgbọ́n wọn ò rí bákan náà. Òmíràn wà tí ìyá ọkọ àti ìyàwó á jọ rẹ́rìn-ín sí, òmíràn wà tó jẹ́ pé ọmọdé ló máa dùn mọ́ jù, òmíràn sì wà tí àwọn àgbà á máa jiyàn oyè lé lórí títí wọn á fi lọ sùn. Mẹ́rin ni mo mú lára èyí tó gbajúmọ̀, mo fi wọ́n wé ara wọn, mo sì fi wọ́n wé fíìmù ààfin tiwa tó ń ti Nàìjíríà wá. Nǹkan méjì ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n: iṣẹ́ tí ọmọbìnrin náà mọ̀ ọ́n ṣe kó tó pàdé ọmọba, àti bí àwọn ará ààfin, pàápàá ìyá ọba, ṣe gbà á. Fíìmù tí méjèèjì bá dára nínú rẹ̀, ìyókù á gún régé.

Ìdí tí wọ́n fi ń dùn

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kékeré wò yín nítorí pé ẹ fẹ́ràn fíìmù tí ẹ ti mọ òpin rẹ̀. Ọmọdé tó ti gbọ́ àlọ́ Ìjàpá títí mọ ibi tí Ìjàpá máa já sí, síbẹ̀ òun náà ló máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún un pa. Orin àlọ́ ló ń dúró dè. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbí. A ò jókòó láti mọ̀ bóyá ọmọba á fẹ́ aránṣọ. A jókòó láti wo bí ìyá ọba ṣe máa gbà. Ní oṣù Kejìlá 2017, Netflix, iléeṣẹ́ tó ń gbé fíìmù sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kọ ọ́ sórí Twitter pé àwọn ènìyàn 53 kan wà tó ti wo A Christmas Prince, ọ̀kan lára mẹ́rin tí mo mú, lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 18, wọ́n sì fi ṣe ẹ̀fẹ̀, wọ́n ń bi wọ́n pé ta ló ṣẹ̀ wọ́n. Èmi ò rí ohun ìyanu níbẹ̀. Ẹni tí ọdún ti lò tán á fẹ́ ibi kan tí àyà rẹ̀ ò ti ní já.

Nǹkan mìíràn tún wà fún àwa ará Kétu. Ààfin kì í ṣe ìtàn ọ̀nà jíjìn lójú wa. Ìdílé márùn-ún ló ń jẹ Alákétu, wọ́n ń jẹ ẹ́ níkọ̀ọ̀kan, tí ti ọ̀kan bá tán a kan òmíràn. Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè ìlú àtijọ́, ṣì wà níbi tó wà, ẹni tó bá sì kọjá níbẹ̀ mọ̀ pé nítorí ogun ni wọ́n ṣe mọ odi, nítorí ogun ni wọ́n ṣe gbẹ́ yàrà yí ìlú ká. Ní 1886, Dàhòmì fọ́ Kétu, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ. Ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì ni àwọn tó ṣẹ́kù tó rí ọ̀nà padà wá tún ìlú dá. Nítorí náà, bí a bá ń sọ̀rọ̀ ọba níbí, ọ̀fọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Mo gbà pé ìdí nìyẹn tí ara fi máa ń tù mí nínú ààfin tí wàhálà rẹ̀ tó ga jù jẹ́ aṣọ tí ènìyàn máa wọ̀ lọ síbi ijó. Ó yẹ kí ọba náà ní alẹ́ kan tí ogun ò ní wọ̀lú.

Ohun kan tún wà tí àwọn òbí máa mọrírì: nínú àwọn fíìmù yìí, ìfẹnukonu kì í sábà tètè wáyé. Wọ́n á fẹ́ ṣe é, ẹnìkan á wọlé, ìlẹ̀kùn á dún. Kò sí ohun tó máa mú kí ìyàwó tuntun sáré wá rímóòtù níwájú bàbá ọkọ rẹ̀.

A Royal Christmas (2014) àti Crown for Christmas (2015)

Mo kó méjì yìí pọ̀ nítorí pé ẹnìkan náà, Alex Zamm, ló darí wọn, iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn kan náà, Hallmark Channel ti Amẹ́ríkà, ló sì gbé wọn jáde. Ẹni tó bá wo ọ̀kan tán lè rò pé òun ti wo èkejì. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Nínú A Royal Christmas, aránṣọ ni Emily, ní ṣọ́ọ̀bù ìdílé rẹ̀ ní Philadelphia. Òun àti Leo ti ń fẹ́ra kí Leo tó jẹ́wọ́ fún un pé òun ni àrẹ̀mọ ilẹ̀ kan tó ń jẹ́ Cordinia, ilẹ̀ tí ẹ ò lè rí lórí máàpù kankan. Ó mú un lọ sílé fún ọdún Kérésìmesì. Olorì Isadora, ìyá Leo, ti ní ọmọ ìjòyè kan lọ́kàn fún ọmọ rẹ̀, aránṣọ kò sì sí nínú ètò náà. Lacey Chabert ló ṣe Emily, Jane Seymour ló ṣe Isadora. Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ láàrin wa mọ Jane Seymour látinú Docteur Quinn, eré dókítà obìnrin àtijọ́ yẹn.

Isadora yìí ni ọ̀wọ̀n fíìmù náà. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ló fi ń taari Emily sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, gbogbo obìnrin tó ti wọ ilé ọkọ rí ló sì mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tó ń dùn létí tó ń ro lọ́kàn. Emily ní tirẹ̀ lọ ń bá àwọn òṣìṣẹ́ ààfin ṣọ̀rẹ́, àwọn tó ń gbé oúnjẹ, àwọn tó ń tọ́jú ilé. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀. Ìyàwó tó bá mọ orúkọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé kì í pẹ́ rí ẹni gbè é.

Bí aránṣọ bá wà nílé yín, ẹ pè é wá wo eléyìí. Oṣù Kejìlá ni àwọn aránṣọ Kétu kì í sùn: aṣọ ẹbí, aṣọ ọdún, oníbàárà tó gbé aṣọ dé lálẹ́ tó sì fẹ́ kó jáde láàárọ̀, ọmọṣẹ́ tó ń tòògbé lórí kótópó tó fẹ́ gán. Ọ̀kan lára wọn ládùúgbò wa wo fíìmù náà lọ́dọ̀ wa. Ó wo Emily títí, ó ní bí ọmọ yẹn ṣe ń rìn, kò jọ ẹni tí máṣíìnì ti mú ẹ̀yìn rẹ̀ ro rí. Òun náà ló sì kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ nígbà tí Isadora rọ̀.

Crown for Christmas yàtọ̀. Allie ń tún yàrá ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní New York, wọ́n lé e kúrò níṣẹ́, iṣẹ́ mìíràn sì dé láti ibi tí kò rò: kó wá máa tọ́jú ọmọbìnrin ọba ilẹ̀ Winshire. Ìyá ọmọ náà ti kú. Ọba Maximillian, tí Rupert Penry-Jones ṣe, jẹ́ ọkùnrin tí ọ̀fọ̀ ti mú le koko, àwọn tó yí i ká sì fẹ́ kó gbé ọmọ ìjòyè kan níyàwó nítorí ire ìlú. Danica McKellar ló ṣe Allie. Ó yẹ kí àwọn ọmọbìnrin wa mọ̀ pé ìmọ̀ ìṣirò ni obìnrin yìí kọ́ ní yunifásítì, ó sì ti kọ ìwé láti fi ìṣirò ye àwọn ọmọbìnrin.

Ìjà ibẹ̀ kì í ṣe ti ìyá ọba. Ọmọ náà ni ìjà: Theodora, ọmọ tó ti pinnu pé òun ò ní fẹ́ràn alágbàtọ́ kankan mọ́. Ẹni tó bá ti gba ọmọ ẹlòmíràn tọ́ rí, tàbí tó ti wọ ilé tí ìyàwó àkọ́kọ́ ti kú sílẹ̀, á mọ̀ pé òtítọ́ wà nínú ìyẹn. Allie kò fi ẹ̀bùn ra ọmọ náà. Ó ń dúró tì í ni. Fíìmù yìí ń falẹ̀ láàrin méjì, ọba náà sì máa ń dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà, ó ń di ènìyàn lọ́kàn mú.

Tí ẹ bá bi mí, A Royal Christmas ló dára jù fún ilé tí àwọn obìnrin àgbà pọ̀ sí, nítorí Isadora. Crown for Christmas ni kí ẹ mú bí ọmọdé bá pọ̀.

A Christmas Prince (2017)

Alex Zamm yìí kan náà ló darí eléyìí, fún Netflix lọ́tẹ̀ yìí. Lára mẹ́rin tí mo mú, òun ni ọ̀rọ̀ oyè pọ̀ nínú rẹ̀ jù, òun náà ló sì máa ń mú àwọn ọkùnrin ilé wa padà láti ẹnu ọ̀nà wá jókòó.

Akọ̀ròyìn ni Amber, ní New York. Wọ́n rán an lọ sí Aldovia láti lọ gbọ́ ìròyìn Ọmọba Richard, tí bàbá rẹ̀ ti wàjà tí àwọn ènìyàn ò sì mọ̀ bóyá á fẹ́ jọba. Àwọn ará ààfin ṣì í mú fún olùkọ́ tí wọ́n ń retí fún àbúrò Richard, Amber kò sì sọ òtítọ́. Láìpẹ́, ó rí ìwé kan tó fi hàn pé ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ ni Richard. Simon, ìbátan rẹ̀, gbọ́, ó sì dìde pé òun ni ìtẹ́ tọ́ sí.

Ìyá àgbà kan wà nínú wa lálẹ́ ọjọ́ tí a wo ibi tí Simon ti yọjú. Ó ní kí a dá fíìmù dúró.

“Ṣé ẹbí kan náà ni ọmọkùnrin yìí àti ọmọba?”

“Ẹbí kan náà ni, ìyá.”

“Kí ló wá ń kánjú sí? Kó dúró kó kan ilé wọn.”

A ṣàlàyé fún un pé ilé kan ṣoṣo ló ń jọba níbẹ̀, pé kò sí pé ó kàn. Ó mirí. Ó ní ìyẹn ló máa ń fa ìjà. Láti ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ọmọ àgbàtọ́, bóyá ó lè jogún, bóyá kò lè jogún, fíìmù sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mi ò mọ fíìmù mìíràn nínú irú rẹ̀ tó lè fa irú ọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́nu àwọn àgbà Kétu. Bí wọ́n ṣe tú u nínú fíìmù náà rọrùn: ọba tó wàjà ti fi ìwé àṣẹ kan pamọ́ sínú ohun ọ̀ṣọ́ igi Kérésìmesì, ohun kékeré bí èso igi óákù, tó ti so rọ̀ níbẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn. Ọwọ́ Amber ló tẹ̀ ẹ́, nígbà tí wọ́n ti fẹ́ gbé adé lé Simon lórí.

Ẹni tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni àbúrò Richard, Ọmọba Emily. Wọ́n bí àrùn ọ̀pá ẹ̀yìn mọ́ ọn, èyí tí wọ́n ń pè ní spina bifida, kò sì lè rìn bí àwọn ọmọ mìíràn. Ọgbọ́n rẹ̀ ju ti gbogbo ààfin lọ. Òun ló kọ́kọ́ mọ àṣírí Amber. Kò sẹ́ni tó ń sunkún lé e lórí, òun náà kò sì sunkún. Bí ọmọ kan bá wà nílé yín tí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ ń dà láàmú, jẹ́ kó wo Emily.

Àbùkù rẹ̀ ni Amber fúnra rẹ̀. Irọ́ ló fi wọlé, ó sì tún tú ìwé onílé. Fíìmù náà dárí jì í kíákíá jù. Iṣẹ́ Emily aránṣọ tàbí ti Allie, nǹkan tó ń ṣe ẹlòmíràn lóore ni. Iṣẹ́ Amber níbí, àṣírí ni ó ń wá. Ní ti Olorì Helena, tí Alice Krige ṣe, obìnrin tó níwà ni, ọ̀fọ̀ ọkọ ṣì wà lójú rẹ̀, kò sì bá Amber jà bí Isadora ṣe bá Emily jà. Nítorí náà ẹ má retí ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ àti ìyàwó níbí.

Ààfin tí ẹ ń rí nínú rẹ̀ jẹ́ ààfin gidi. Peleș ló ń jẹ́, ó wà ní Sinaia ní Rùmáníà. Ọba Carol Kìíní ló kọ́ ọ, wọ́n sì ṣí i ní 1883. Ilẹ̀ náà kò ní ọba mọ́ láti òpin 1947, tí Ọba Michael fi ìtẹ́ sílẹ̀. Mo sọ èyí nítorí pé àwọn ọmọ máa ń béèrè bóyá wọ́n kàn fi kọ̀ǹpútà yà á ni.

Òpin rẹ̀ náà tún ń fa ọ̀rọ̀. Richard ti di ọba, ó wá bá Amber ní New York níwájú ilé oúnjẹ tí bàbá Amber ń tà, ó sì kúnlẹ̀ síta nínú yìnyín, ó ní kó fẹ́ òun. Àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo ayọ̀. Àwọn àgbà ń béèrè pé ta ni alárinà, àwọn ẹbí ọkọ dà, ta ló gbé iṣu. Mo gbádùn ìhà méjèèjì. Ọba tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin lọ sí ìsọ̀ àna rẹ̀ ti bu iyì fún ìsọ̀ náà, yálà ó gbé iṣu lọ́wọ́ tàbí kò gbé e.

The Princess Switch (2018)

Bí ẹ̀rín ni ẹ ń wá, ẹ má wò kọjá eléyìí. Vanessa Hudgens, tí àwọn ọmọ ìgbà yẹn mọ̀ látinú High School Musical, ló ṣe ènìyàn méjì nínú rẹ̀: Stacy, oníkéèkì láti Chicago, àti Margaret, obìnrin ìjòyè ilẹ̀ Montenaro tó ti fẹ́ di ìyàwó Ọmọba Edward ti Belgravia. Stacy wá sí Belgravia fún ìdíje kéèkì, wọ́n pàdé, wọ́n rí i pé ojú àwọn jọra bí ìbejì, Margaret sì bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n fi ara wọn rọ́pò ara wọn fún ọjọ́ méjì. Ẹ lè rò ó fúnra yín bí ìyókù ṣe máa lọ.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ní èyí ò lè ṣẹlẹ̀, pé báwo ni gbogbo ààfin ò ṣe ní mọ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti ń sọ ọ́! Kò sí ilé ìbejì kan ní Kétu tí ẹnìkan ò ti jìyà ẹ̀ṣẹ̀ èkejì rẹ̀ rí, tí olùkọ́ ò ti pe Táyé ní Kẹ́hìndé. Àwọn ìbejì tó wò ó lọ́dọ̀ wa ń kọ́ Stacy ní ọgbọ́n láti orí àga.

Ibi tí fíìmù yìí ti borí àwọn mẹ́ta yòókù ni pé ìrìn náà ń lọ síhà méjì. Stacy wọ ààfin, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Margaret náà jáde kúrò níbẹ̀. Ó bá Kevin gbé fún ọjọ́ díẹ̀, ọkùnrin tó ń bá Stacy ṣiṣẹ́ ní ilé kéèkì, adúláwọ̀ tó ń dá ọmọbìnrin rẹ̀ tọ́, ó sì rí i pé ibẹ̀ ló wu òun. Obìnrin ọlọ́lá tó yan alágbáṣe tí kò sì kábàámọ̀, ẹ ò ní rí i púpọ̀ nínú irú fíìmù yìí. Olivia, ọmọ Kevin, tún wà níbẹ̀, ó yá lẹ́nu, àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ sì wà nínú rẹ̀ dáadáa. Níbi ìdíje, obìnrin kan tí wọ́n jọ ń díje gé wáyà ẹ̀rọ ìpo-kéèkì wọn. Wọn kò sunkún, wọn kò dúró de ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi ọwọ́ po ó. Gbogbo ẹni tó ń din àkàrà nílé wa ló dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ibẹ̀ dé. Ẹni tó ti fi ọmọrí po ẹ̀wà lọ́jọ́ tí iná lọ, ó mọ̀ pé apá ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́.

Apá kejì (2020) tún mú ẹnì kẹta tó jọ wọ́n wá, Fiona, tí Hudgens náà tún ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ gbádùn rẹ̀. Àwọn àgbà wa kò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mọ́. Apá kejì àti apá kẹta A Christmas Prince (2018 àti 2019), tó dá lórí ìgbéyàwó àti ọmọ, kò tó apá kìíní, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó burú níbẹ̀ fún ẹni tó ti fẹ́ràn Emily.

Fíìmù ààfin tiwa

Àwọn kan máa bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń lọ sí Aldovia nígbà tí fíìmù Yorùbá kún ọjà, tí ọmọba àti ọmọ tálákà wà nínú rẹ̀ yanturu. Ìbéèrè tó dáa ni. Ohun tí tiwa ní, tiwọn ò ní i: oríkì, ìlù tó ń pe ọba lórúkọ, ìkúnlẹ̀ tó ní ìtumọ̀, èdè tí ìyá àgbà gbọ́ láìsí ògbufọ̀. Ìfẹ́ inú rẹ̀ sì máa ń ná ènìyàn ní nǹkan. Ọmọba tó bá fẹ́ ọmọ ẹrú nínú fíìmù wa lè pàdánù oyè, ó lè pàdánù ẹ̀mí, ilé rẹ̀ lè dàrú títí dé ọmọ ọmọ. Ẹni tó bá ń wá ìtàn tó jinlẹ̀, ibẹ̀ ni kó lọ, kó má wulẹ̀ fi àkókò ṣòfò nídìí Netflix.

Ṣùgbọ́n fún alẹ́ tí ilé kún fún ọmọdé, mo máa ń fi tiwa pamọ́. Oògùn á wọlé, orogún á bẹ̀rẹ̀ sí í gbèrò ibi, àwọn kékeré á sá sẹ́yìn àga, lẹ́yìn náà ni apá kìíní á parí níbi tí ọ̀bẹ ti wà lókè. Mo sì ní ohun kan tó ń dùn mí sí i. Ìyá ọba inú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ́ ẹni ibi ṣáá. Ní Kétu wa yìí, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Alaba Ida, ìyàwó Alákétu Onyegen, di ẹni tí àwọn Faransé gbé agbára ìlú lé lọ́wọ́. Ohun tó fi ṣe àti bí àwọn ará ìlú ṣe gbà á tàbí tí wọ́n kọ̀ ọ́, ìtàn tó tó fíìmù mẹ́ta ni. Èmi máa ra ti Alaba Ida lọ́jọ́ tó bá jáde.

Èyí tó dá lórí ènìyàn gidi

Wọ́n tún wà. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn Lifetime ti Amẹ́ríkà ṣe William & Kate ní oṣù Kẹrin 2011, kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì sí ìgbéyàwó wọn, ó sì ṣe ti Harry àti Meghan ní oṣù Karùn-ún 2018, ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìgbéyàwó tiwọn. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbà yín nímọ̀ràn wọn. A ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ènìyàn yẹn lẹ́yìn náà, ìmọ̀ náà sì ń bá ènìyàn jókòó nígbà tó yẹ kó máa rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá fẹ́ ti òótọ́, ẹ sọ ìtàn Grace Kelly fún àwọn ọmọ, òṣèré Amẹ́ríkà tó fẹ́ Rainier ọba Monaco ní oṣù Kẹrin 1956. Gbogbo irú fíìmù yìí ló jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Bí ẹ ó ṣe rí wọn

A Christmas Prince àti The Princess Switch jẹ́ ti Netflix, ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí wọn. Netflix dé Bẹ̀nẹ̀ ní oṣù Kìíní 2016, nígbà tó ṣí sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 130 lẹ́ẹ̀kan náà, láti òpin ọdún yẹn náà ló sì ti ṣeé gbà sílẹ̀ sórí fóònù. Ẹ gbà á sílẹ̀ níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti dára, kí ẹ tó wá sílé, nítorí owó mégà tí fíìmù kan máa jẹ nílé lè ra adìyẹ ọdún. Bí ẹ bá ní kọ̀ǹpútà alágbèéká tí bátìrì rẹ̀ ṣì dára, ẹ mú un wá pẹ̀lú. Bí iná bá lọ, fíìmù ò ní dúró.

Méjì ti Hallmark ló le díẹ̀. Orí àwọn tẹlifíṣàn tó ń sọ Faransé ni ẹ ti lè bá wọn pàdé nígbà Kérésìmesì, orúkọ mìíràn ni wọ́n sì sábà máa ń fún wọn níbẹ̀. Orúkọ òṣèré ni kí ẹ fi wá wọn: Lacey Chabert, Danica McKellar. Èdè Faransé rọrùn fún àwọn ọmọ iléèwé wa, ṣùgbọ́n nǹkan kan máa ń sọnù níbẹ̀. Nínú ohùn àkọ́kọ́, Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà ni ọmọ mẹ̀kúnnù ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì ìlú Ọba ni ààfin ń sọ, ẹ ó sì ti gbọ́ pé wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ kí wọ́n tó ya ẹnu sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Nínú ti Faransé, gbogbo wọn dún bákan náà. Ó ń ba ti Isadora jẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó ti ìyá àgbà kó máa tú u sí Yorùbá, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n tú máa ń fi kún un. Ẹ fún un láyè.

Bí ó bá jẹ́ pé alẹ́ mélòó kan ni ẹ ní, The Princess Switch ni kí ẹ fi ṣí i, lálẹ́ tí àwọn èrò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí wọn ò tíì mọ ara wọn tán. A Royal Christmas tẹ̀ lé e, kí ìyàwó tuntun jókòó níwájú. A Christmas Prince, ẹ fi sí alẹ́ tí àwọn bàbá wà nílé, kí ẹ sì tètè bẹ̀rẹ̀ nítorí iyàn. Crown for Christmas ẹ fi sí ọ̀sán, lẹ́yìn oúnjẹ, pẹ̀lú àwọn ọmọ, ẹ má sì fi wọ́n sílẹ̀ ní àwọn nìkan, torí pé Theodora á béèrè nípa ìyá rẹ̀, àwọn náà á sì fẹ́ béèrè.